Tí Ọlọ́pàá Bá Lù Wá Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Mú Wa, Kí Ni Adájọ́ Máa Bèèrè?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa nínú dánfó, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ kú ìnáwó dátà. Ajido ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, létí ọ̀sà, ní agbègbè Àgbádárìgì.

Ẹni tó bá ti gba títì tó lọ láti Èkó sí Sẹmẹ̀ rí, ó mọ̀ pé títì yẹn kì í ṣe títì lásán. Kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbí, ìmígíréṣọ̀n wà lọ́hùn-ún, ọlọ́pàá wà níwájú. Ẹnu ibodè ni, a ò lè ní kí ìjọba má ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí dídúró fún àyẹ̀wò bá ti pọ̀, ibẹ̀ náà ni ìjà, ìgbájú àti kóńdó ti máa ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan péré: tí ọlọ́pàá bá ṣe ẹnì kan léṣe níbi tí wọ́n ti ń mú un, báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá ipá tí wọ́n lò bófin mu tàbí ó ti di àṣejù?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mautin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń tún fóònù ṣe. Ó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì lórí ọ̀kadà, láptọ́ọ̀pù wà nínú báàgì rẹ̀. Ọlọ́pàá dá wọn dúró. "Ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ." Mautin ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?" Ọ̀kan gbá a létí. Ó fi ọwọ́ bojú. Wọ́n ní ó fẹ́ jà. Wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ rẹ̀ sí ṣẹkẹṣẹkẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan wá fi kóńdó gbá a lápá. Apá kán. Ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san owó bélì, bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri pé bélì kì í gba owó. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Gbogbo àdúgbò ní, "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o wà láàyè."

Ó yẹ kó dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí?

Ohun tí òfin fàyè gbà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin kò sọ pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú afurasí, afurasí mìíràn sì wà tí kò ní fẹ́ kí wọ́n mú òun. Àwọn kan ń gbé ìbọn, àwọn kan á sá, àwọn kan á bá ọlọ́pàá wọ̀yá ìjà. Òfin fún ọlọ́pàá ní ipá láti fi ṣiṣẹ́. Ibi tí ipá yẹn gbọ́dọ̀ parí sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní abala 33. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀: bí ẹnì kan bá kú nítorí ipá tí wọ́n lò láti mú un lọ́nà tó bófin mu, tàbí kó má baà sá kúrò ní àtìmọ́lé, a ò ní sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, bí ipá náà kò bá ju èyí tó pọn dandan lọ. Ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé: kò gbọdọ̀ ju èyí tó pọn dandan lọ.

Abala 34 tẹ̀ lé e. Ó ní kò sẹ́ni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fìyà jẹ tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹranko. Kò yọ afurasí sílẹ̀. Kò yọ olè sílẹ̀. Kò yọ ẹni tí wọ́n pè ní yahoo boy sílẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà wà ńbẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú, wọn ò gbọdọ̀ dè é tàbí fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, àfi bí ìdí bá wà láti bẹ̀rù pé ó fẹ́ jà tàbí pé ó fẹ́ sá, tàbí bí ààbò bá béèrè fún un, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ ẹ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹ̀gbọ́n nítorí àbúrò, tàbí ìyá nítorí ọmọ. Ó sì ní kí wọ́n ṣe é bí ọmọ èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Tó Ta Ko Ìfìyàjẹni ti ọdún 2017. Òfin yìí dárúkọ ìlùkulù, ìkúùkù, ìtapá, kóńdó àti ìdí ìbọn. Bí agbófinró bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ èèyàn níyà kó lè jẹ́wọ́, tàbí láti fi bá a wí, tàbí láti fi dẹ́rù bà á, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 25. "Ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é" kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe òfin ló wọ́n wa. Òfin pọ̀ bí omi ọ̀sà Ajido.

Ohun tí adájọ́ máa wò

Ó dáa. Ẹjọ́ dé iwájú adájọ́. Ọlọ́pàá ní, "Ó bá wa jà ni." Mautin ní, "Mi ò jà." Adájọ́ kò sí lórí títì lọ́jọ́ náà. Kí ló máa ṣe?

Ìtàn kan wà tó máa jẹ́ ká rí i kedere. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìlú Charlotte, ní ọdún 1984. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dethorne Graham ní àtọ̀gbẹ. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun wa òun lọ ra omi ọsàn kí òun lè rí ṣúgà mu. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé èèyàn pọ̀ lórí ìlà, ó bá sáré jáde. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Connor rí i, ó fura pé olè ni, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ wọn, ó dá wọn dúró. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ ni kò yá. Wọn ò gbọ́. Wọ́n dè é, wọ́n tì í sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù pé kò jí nǹkan kan.

Ẹjọ́ yẹn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1989, àwọn adájọ́ fi ìlànà kan lélẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ọlọ́pàá là ń wò, ì báà jẹ́ ọkàn rere, ì báà jẹ́ ọkàn búburú. Ohun tí à ń wò ni pé, ọlọ́pàá mìíràn tó ní làákàyè, tó dúró níbẹ̀ lásìkò yẹn, tó mọ ohun tí èyí mọ̀, ṣé ohun tó máa ṣe nìyẹn? Wọ́n wá ka nǹkan mẹ́ta tó yẹ kéèyàn fi wọ̀n ọ́n: báwo ni ọ̀ràn tí wọ́n fura sí ṣe wúwo tó, ṣé ẹni náà lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá lójú ẹsẹ̀, ṣé ó ń janpata tàbí ó ń sá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ráhùn pé ìlànà yẹn ti ń gba ọlọ́pàá là jù. Ó sì ní ohun tó fà á. Àwọn ilé ẹjọ́ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìṣẹ́jú àáyá tí ìbọn dún nìkan, wọn ò wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ yẹn kan náà sọ nínú ẹjọ́ Barnes àti Felix pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ yẹn dá lórí ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n dá dúró nítorí owó títì, tí ó parí sí ikú. Gbogbo àwọn adájọ́ náà ló fohùn ṣọ̀kan.

Kì í ṣe òfin Amẹ́ríkà ni adájọ́ Nàìjíríà fi ń dájọ́. Ṣùgbọ́n "kò gbọdọ̀ ju èyí tó pọn dandan lọ" tó wà nínú ìwé òfin tiwa náà nílò ìwọ̀n, ìwọ̀n náà kò sì jìnnà síra. Àwọn bàbá wa ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ òfin ni wọ́n ń sọ yẹn. Ibi tí nǹkan wà àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bí a ṣe máa gbé ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi wọn Mautin. Kí ni ọ̀ràn rẹ̀? Kò sí, láptọ́ọ̀pù ló gbé. Ṣé ó lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá? Kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ṣé ó ń sá? Rárá. Ṣé ó ń janpata? Ó fi ọwọ́ bojú nígbà tí wọ́n gbá a létí. Ọlọ́pàá lè ní ìjà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni kóńdó balẹ̀? Lẹ́yìn tí ṣẹkẹṣẹkẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tí ẹni náà bá ti wà ní ìkáwọ́ wọn tán, mímú ti parí. Ẹgba tó bá tẹ̀ lé e kì í ṣe ara mímú mọ́, ìjẹni-níyà ni. Ọlọ́pàá kì í ṣe adájọ́, kò sì sí ẹni tó ní kó fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn wà. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ẹjọ́ Selmouni àti ìjọba Faransé. Ohun tí wọ́n sọ rọrùn: bí ara ẹnì kan bá le koko nígbà tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá, tó sì jáde pẹ̀lú ọgbẹ́, ìjọba ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ọgbẹ́ náà ṣe débẹ̀. Ilé ẹjọ́ yẹn kò láṣẹ lórí adájọ́ Àgbádárìgì, àmọ́ lọ́yà lè tọ́ka sí i, ó sì bá ọgbọ́n orí mu. Tí mo bá gbé ewúrẹ́ yín so mọ́lẹ̀ tó sì kán lẹ́sẹ̀, èmi kọ́ ló yẹ kó ṣàlàyé?

Ohun tí ilé ẹjọ́ Èkó ti ṣe

Ẹ má rò pé ìtàn òkèèrè nìkan ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2019, Kọ́ládé Johnson lọ wo bọ́ọ̀lù Liverpool àti Tottenham ní ilé ìwòran kan ní Oníìpẹ̀tẹ̀sì, nítòsí Mángòrò. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó jáde nígbà náà, àwọn ọlọ́pàá wá mú ọmọkùnrin mìíràn ní àdúgbò yẹn, àwọn èèyàn ń bínú, wọ́n yìnbọn, ìbọn bá Kọ́ládé, ó sì kú. Kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n wá mú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Adénìkẹ́ Coker ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún ọlọ́pàá tó yìnbọn náà, Ògúnyẹmí Ọlálékan. Wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022 ni ti Bọ́láńlé Raheem. Agbẹjọ́rò ni, ó wà nínú oyún, òun àti ẹbí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ní Ajah. ASP Drambi Vandi yìnbọn sínú ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Ìbírónkẹ́ Harrison dá a lẹ́jọ́ ikú.

Ẹ wò ó. Ẹjọ́ kan kò pé ọdún kan, ìkejì kò pé ọdún méjì, ní orílẹ̀-èdè tí ẹjọ́ ilẹ̀ ti lè di ogún fún ọmọ-ọmọ. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa: àwọn méjèèjì ti kú. Gbogbo ìlú ló pariwo lé wọn lórí. Ta ló ń pariwo lé ẹni tí apá rẹ̀ kán lórí? Ta ló ń ṣe háṣítáàgì fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbájú?

Lẹ́yìn EndSARS ni a tó gbọ́ ohùn irú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi ló jẹ́ alága. Ìgbìmọ̀ náà fi ọdún kan jókòó. Ìwé ẹ̀sùn 235 ló dé iwájú wọn. Obìnrin onídìrí kan wà níbẹ̀ tí ìbọn SARS bà lẹ́sẹ̀ ní Ìjẹ́ṣàtẹ̀dó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta nǹkan fóònù, tó ní àwọn SARS tì mí láti orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ti fún àwọn èèyàn 70 ní owó gbà-má-bínú tó jẹ́ 410 mílíọ̀nù náírà lápapọ̀.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í ṣe ilé ẹjọ́, ó sì ti kógbá sílé. Ẹni tí wọ́n bá lù lọ́la kò ní rí ìgbìmọ̀ kankan lọ bá. Ilé ẹjọ́ ló kù.

Àní ilé ẹjọ́ kan wà tó ju ti Nàìjíríà lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ẹjọ́ tí obìnrin mẹ́ta pè lórí ọ̀rọ̀ Lekki, DJ Switch wà lára wọn. Ilé ẹjọ́ náà ní ìjọba Nàìjíríà tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ wọn lójú, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò gba gbogbo ohun tí wọ́n béèrè o: ó ní wọn kò fi hàn pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ láti wà láàyè lójú. Bí adájọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀sùn kan á dúró, ẹ̀sùn kejì á ṣubú, ẹ̀rí ló ń sọ ọ́.

Báwo la ṣe ń pe ẹjọ́ náà?

Ẹjọ́ méjì ló wà, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ ọ̀daràn, níbi tí ìjọba ti gbé ọlọ́pàá lọ sílé ẹjọ́. Ìjọba ló ń pe ìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì ò ní sí. Ẹ̀wọ̀n ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkejì ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìwọ tí wọ́n lù lo máa pe èyí fúnra rẹ. Abala 46 ìwé òfin ló fún ọ láṣẹ, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009 ló sì sọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìlànà yẹn kó lè rọ̀ wá lọ́rùn ni. Ẹ gbọ́ ohun mẹ́rin tó wà níbẹ̀.

Èkíní, kò sí pé ọjọ́ ti kọjá. Òfin tó ń sọ pé ẹjọ́ kan ti pẹ́ jù kò ran ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Èkejì, ẹlòmíràn lè bá ọ pè é. Bí Mautin bá wà ní àtìmọ́lé tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ kan lè gbé e lọ. Ẹ̀kẹta, ìlànà náà ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbọ́ ẹjọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti fi ìwé sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ìwé ìbúra, ìyẹn àfidáfítì, ni wọ́n fi ń jà á jù, kì í ṣe kí ẹlẹ́rìí máa wá lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá pe ẹjọ́ ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n mú òun àti pé wọ́n ṣe òun léṣe. Tó bá ti fi hàn pé wọ́n mú òun, ọlọ́pàá ló kù kó sọ ìdí tó bófin mu tí wọ́n fi mú un. Tí ó bá sì borí, owó gbà-má-bínú kì í ṣe àánú. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó àti sí ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ilé ẹjọ́ wa tó ga jù lọ sọ ọ́ ní ọdún 2013, nínú ẹjọ́ Jim-Jaja àti Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Rivers, pé bí ẹ̀rí bá ti wà pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ lójú, owó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kódà bí ẹni náà kò bá dárúkọ iye kan.

Abala 35 yẹn tún kan àwa ará Ajido gidigidi. Ó ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ síwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà. Ilé ẹjọ́ wà ní Àgbádárìgì. Láti Ajido dé ibẹ̀ kò tó 40 kìlómítà rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "ó di Mọ́ńdè" tí wọ́n máa ń sọ ní tẹ́ṣàn kò bá òfin mu. Abala kan náà ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ fún ọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé ọ. Bí ó bá jẹ́ Ẹ̀gùn nìkan ni ìyá àgbà kan gbọ́, Ẹ̀gùn ni kí wọ́n fi bá a sọ ọ́.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí adájọ́ ń gbà yẹ ìlùkulù wò. Bí ọlọ́pàá bá na ẹnì kan títí tó fi jẹ́wọ́, tí wọ́n gbé ìjẹ́wọ́ náà wá sílé ẹjọ́, lọ́yà lè ní ìyà ló jẹ ẹ́ kó tó kọ ọ́. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gidi dúró, á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ inú ẹjọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn dájú pé wọn kò ni í lára. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó náà ní kí fídíò wà nígbà tí afurasí bá ń jẹ́wọ́, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Mi ò ní tàn yín. Ọ̀nà yìí ní kòtò.

Èyí tó tóbi jù ni owó. Adájọ́ á ní kí ọlọ́pàá san mílíọ̀nù márùn-ún, ìwé ìdájọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ, owó ò ní dé. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló jẹ ọ́ ní gbèsè, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ fún báńkì rẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, abala 84 Òfin Sheriffs and Civil Process ní o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Attorney-General. Ta ni Attorney-General? Lọ́yà ìjọba ni. Ẹni tó ń gbèjà wọn lo máa lọ bẹ̀ kó jẹ́ kí o gba owó lọ́wọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ ti gbìyànjú láti dín agbára abala yìí kù nínú àwọn ẹjọ́ kan, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun kan tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣojú yín ní Àbújá, ẹ béèrè ìyẹn.

Kòtò kejì ni pé owó náà kì í jáde látinú àpò ẹni tó na kóńdó. Owó ìlú ni. Ẹni tó lù ọ́ lè wà lórí títì kan náà lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú DPO àti Kọmíṣọ́nà, kí adájọ́ lè mẹ́nu kàn án.

Kòtò kẹta wà lọ́dọ̀ tiwa. "Má bá ọlọ́pàá ṣẹjọ́, a ò ní fi wọ́n sílẹ̀ níbí." Ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àdúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, wọ́n mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Zangbeto nílùú wa. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Zangbeto ti ń ṣọ́ òru fún àwọn Ẹ̀gùn, ó ń lé olè. Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ ìlú ló ni ín, bó bá ṣe ohun tí kò yẹ, àwọn àgbà ìlú mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Ọlọ́pàá tí ojú rẹ̀ wà ní gbangba, tí nọ́ńbà wà láyà rẹ̀, tí owó orí wa ń san owó oṣù rẹ̀, ṣé òun ló yẹ ká máa bẹ̀rù láti pè lẹ́jọ́?

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

Bí wọ́n bá ń mú yín, ẹ má ṣe gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Ẹ sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Mi ò jà, sà. Kí ni ẹ̀sùn mi?" Ẹ sọ ọ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Gbólóhùn yẹn lè dé inú àfidáfítì lọ́jọ́ kan. Òfin fún yín láyè láti dákẹ́ títí tẹ́ ẹ fi máa rí lọ́yà tàbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹ̀yin tó bá wà níbẹ̀, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ ya fídíò. Àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ ní gbangba pé ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti ya ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe gé fídíò náà kúrú kó lè wọ TikTok. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ Barnes tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyẹn: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ṣe pàtàkì bí èyí tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀, ọsibítù lẹ kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ilé. Ẹ sọ fún dókítà pé ọlọ́pàá ló ṣe é, kí ó kọ ọ́ sínú káàdì bẹ́ẹ̀. Ọsibítù ìjọba ló dára jù, torí ìwé wọn máa ń wúwo níwájú adájọ́. Ẹ ya ọgbẹ́ náà lónìí, ẹ tún yà á lọ́la àti lọ́túnla, nítorí ara tó dúdú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta máa ń sọ̀rọ̀ ju èyí tó pupa lónìí lọ. Ẹ má fọ aṣọ. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tó wà láyà wọn, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, àmọ́ ẹni tó kó o náà nílò ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá lọ́yà. Bí owó kò bá sí, Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, ọ̀fẹ́ ni. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, ń gba ẹ̀sùn. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, wọ́n ń pè é ní CRU. Ẹ kọ̀wé síbẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Bí wọn ò bá dáhùn, àìdáhùn wọn náà á wọ inú fáìlì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Gbogbo wàhálà yìí nítorí apá kan?" Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí apá kan. Fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, apá yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹjọ́ kan tí adájọ́ bá kọ orúkọ ọlọ́pàá sí lè má dá owó padà kíá, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bá mọ̀ pé wọ́n ti dárúkọ ẹlẹgbẹ́ òun ní kóòtù Àgbádárìgì á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé kóńdó sókè lórí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ.

Ibi tí a máa dánu dúró sí nìyẹn lónìí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi fọ́ìsì-nóòtì ránṣẹ́ sí wa, àmọ́ ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù yín: ṣé ọlọ́pàá láṣẹ láti ṣí i lójú títì? Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń gba títì Sẹmẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ó dàbọ̀ o.